Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fi Mọ́tò Ilé Rẹ̀ Dán Ìmọ̀ Wò

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde, àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n Dàhòmì tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon tó yí wa ká, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Èkó lọ sí Kútọnu ní láti yí apá padà lẹ́nu bodè. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon wá pàṣẹ pé kí àwa náà ṣe bí àwọn aládùúgbò wa.

Àṣẹ lè yí awakọ̀ padà lọ́jọ́ kan, kò lè yí mọ́tò padà. Apá ọ̀tún ni sítíárìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò tó wà nílẹ̀ nígbà náà wà. Nígbà tí a ń tọ apá òsì, èyí dára, nítorí awakọ̀ á wà ní ìhà àárín títì, á sì máa rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Nígbà tí a bọ́ sí apá ọ̀tún, awakọ̀ kan náà bá ara rẹ̀ ní ìhà gọ́tà. Tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, àfi kó kọ́kọ́ yọ orí mọ́tò síta kó tó mọ̀ bóyá ikú ló ń bọ̀ tàbí ọ̀nà ló ṣófo. Ẹni tó lówó lè ra mọ́tò mìíràn. Ẹni tí kò lówó á máa fara dà á. Olùkọ́ kan wà ní Yunifásítì Èkó tí kò ṣe èyí, tí kò ṣe ìyẹn. Ó tú Opel Olympia Rekord tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń gùn, ó gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Ayọ̀délé Awójọbí ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní Òṣòdì, ní Èkó. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú, jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ní iléeṣẹ́ Rélùwéè. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, tí wọ́n bí sí ìdílé Adétúnjí, ń ṣe òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ sì ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ọgbà yìí, bí a bá ń sọ ìtàn Awójọbí, kì í ṣe ìtàn àlejò là ń sọ. Ẹni tó bá wọ mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì wa, tó gba ìgboro Ifẹ̀ kọjá, kò ní pẹ́ dé ìlú ìyá rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì, ní Èkó, ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọdún 1942, kó tó lọ sí CMS Grammar School. Níbẹ̀ ló ti ṣe Macbeth nínú eré Shakespeare, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ọjọ́ alẹ́. Ní ọdún 1955 ó jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó sì gba àmì tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó kọjá sí Ìbàdàn láti ka físíìsì àti ìṣirò, lẹ́yìn náà ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Ahmadu Bello. Ní ọdún 1962 ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní.

Láti Zaria, ó gba Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1966. Iṣẹ́ tó ṣe dá lórí bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ṣe ń gbọ̀n ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ilẹ̀ á gbé díẹ̀ nínú agbára náà lọ jìnnà, á sì dá díẹ̀ padà fún jẹnẹrétọ̀. Bí ènìyàn ṣe lè fi ìṣirò mọ iye tí ilẹ̀ máa gbé lọ àti iye tó máa dá padà, ohun tí Awójọbí àti olùkọ́ rẹ̀, Peter Grootenhuis, kọ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ti Royal Society ní ọdún 1965 nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀ láìjẹ́ kí ilé tó wà nítòsí sán, irú ìmọ̀ yìí ló nílò.

Ó padà sílé, ó di olùkọ́ ní Akọka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Dead Easy, bí ẹni ń wí pé kò sí ìṣirò tó le lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní òmìrán Akọka. Ẹni tó ti dé ibi tó dé nínú ìṣirò lè fi ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Awójọbí kì í ka ohun kan sí òtítọ́ tán títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iṣẹ́ Opel yẹn ń béèrè, nítorí ẹni tí kò sùn sábẹ́ mọ́tò rí lè rò pé gbígbé róńdó sítíárìn láti ibì kan sí ibòmíràn lásán ni. Irin kan wà tó ti ara sítíárìn wọ inú àpótí jíà kékeré tí wọ́n dè mọ́ egungun mọ́tò. Láti inú àpótí náà ni apá kan ti jáde tó ń fa àwọn ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí kúrò lápá kan lọ sí èkejì. Bí wọ́n bá dojú àpótí náà kọ ibi tí kò yẹ, awakọ̀ á yí sítíárìn sí ọ̀tún, táyà á yí sí òsì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ibi tí sítíárìn bá lọ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń lọ. Kíláàṣì, bíréèkì àti ibi tí à ń tẹ̀ fún iná gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bíréèkì ló sì ń dẹ́rù bani jù nínú wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ti òróró bíréèkì gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Òróró kì í súnkì, ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ wa fi ń dé ìdí táyà láìdín kù. Ẹni tó bá gbé bíréèkì kúrò ní àyè rẹ̀ ní láti tún páìpù fà, kó sì lé gbogbo afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ń súnkì. Bí ìwọ̀nba rẹ̀ bá kù síbẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn rì wọlẹ̀ ni, mọ́tò kò sì ní dúró.

Ẹ rántí pé mọ́tò tí ìyàwó àti ọmọ ń wọ̀ ni. Awójọbí kò wá ọkọ̀ ìjọba, kò yá ti aládùúgbò. Bí ìṣirò rẹ̀ bá kùnà, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ìtàn mọ́tò ti mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ní ilẹ̀ Jámánì, Bertha Benz kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú mọ́tò tí ọkọ rẹ̀, Carl Benz, ṣe, wọ́n sì wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ìrìn bíi 100 kìlómítà, nígbà tí aráyé kò tíì gbà pé ohun náà lè dé ibì kankan. Lójú ọ̀nà, bíréèkì onígi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó wá oníbàtà kan, ó ní kó kan awọ mọ́ ọn. Awọ yẹn ni baba ńlá láínín àti páàdì tí à ń rà lónìí.

Awójọbí kò fi mọ lórí Opel. Ó mú jíìpù, irú èyí tí àwọn sójà ń lò, ó fi sítíárìn kejì sí i lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó sì ṣe é débi pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi ń lọ síwájú náà ló lè fi lọ sẹ́yìn. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Autonov 1. Mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, jíà kan ṣoṣo ló ní fún ẹ̀yìn, ìrìn ahun ló sì ń rìn. Autonov 1 lè fi ẹ̀yìn sá eré tó fi iwájú sá. Bí ọ̀nà bá há, tí kò sí ibi tí ọkọ̀ ti lè yí, awakọ̀ rẹ̀ kàn máa bọ́ sí ìdí sítíárìn kejì ni.

Ọkọ̀ tó bá lè sáré sẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè dúró bó ṣe ń sáré sẹ́yìn. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà náà ń lò: irin méjì tó tẹ̀ bí oṣù ń ṣí sí ara dúrọ́ọ̀mù láti inú. Lára táyà iwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò, wọ́n to irin méjèèjì bẹ́ẹ̀ kí yíyí táyà síwájú lè máa fà wọ́n mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Bí mọ́tò bá ń lọ sẹ́yìn, yíyí táyà á máa tì wọ́n kúrò ni, agbára bíréèkì á sì dín kù. Bíréèkì onídísìkì kò ní wàhálà yìí. Páàdì méjì ló ń fún dísìkì láàárín bí ìka méjì ṣe ń fún ẹ̀pà, kò sì kan páàdì bóyá iwájú ni táyà ń yí sí tàbí ẹ̀yìn. Frederick Lanchester ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1902, ṣùgbọ́n ó ju 50 ọdún lọ kó tó di ohun tó wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀yìn, gbogbo ohun tí àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ gbà lérò pé iwájú nìkan ni mọ́tò ń lọ ló ní láti tún rò.

Ní ọdún 1974, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún Awójọbí ní oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, oyè tó ju ti ọ̀mọ̀wé lọ, Yunifásítì Èkó sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò tíì pé ẹni ọdún 38. Àwọn ará ilé tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ mọ ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń darí ìdíje ìmọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní ọdún 1979, bó ṣe ń ṣe sí mọ́tò náà ló ṣe sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó di ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ko ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbangba gbàǹgbà. Ó ń kọ̀wé, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ìbò lọ sí ilé ẹjọ́. Kì í ṣe lọ́yà. Ó jókòó ti ìwé òfin, ó kà á fúnra rẹ̀ bí ẹni ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Àwọn kan ní kí ló kan onímọ̀ ẹ̀rọ nínú òṣèlú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá gbà pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, Awójọbí kú. Ẹni ọdún 47 ni. Ère rẹ̀ wà ní Oníkẹ̀ẹ́, ní Yàbá, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń yí i ká lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Autonov 1 kò di ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà lọ́jà. Ní ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ ní Èkó, ẹ̀yà ara tó ti òkè òkun wá ni wọ́n sì ń tò pọ̀. Èyí tí ọmọ wa rò fúnra rẹ̀ kò rí ẹni gbé e.

Àwọn kan nínú wa ń pààrọ̀ páàdì àti dísìkì fúnra wọn nílé báyìí, nítorí owó iṣẹ́ ti wọ́n. Ẹ máa ṣe é, ẹ sì ṣe é dáadáa. Ẹ má sùn sábẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti táyà ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ti òsì rẹ̀ pẹ̀lú, kí mọ́tò má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wọn dísìkì kí ẹ tó fi páàdì tuntun sí i. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ní ìparí, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí písítìn tí ẹ ti padà sẹ́yìn kò tíì kan páàdì. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ṣe é ló kọ́kọ́ wà á, ní jẹ́jẹ́, ní ibi tí kò sí èrò, kó tó di pé ìyá tàbí àbúrò ẹnikẹ́ni wọlé jókòó.