Fẹlá Aníkúlápó-Kútì (1938–1997): Akọrin tí ó bá ìjọba wọ̀yá ìjà

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni a bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà àti ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó-orí. Orin àti ìwọ́de wọn wà lára ohun tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà.

Ní 1958, wọ́n rán an lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin ni ó yàn. Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969 ni ó yí èrò rẹ̀ padà, nígbà tí Sandra Smith fi ìjà òmìnira àwọn adúláwọ̀ yé e. Nígbà tí ó padà wálé, orin Afrobeat rẹ̀ di ohun ìjà òṣèlú. Pidgin ni ó fi ń kọ ọ́, èyí tí èrò ibùdókọ̀ Kwangila ní Zaria lè gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ará Èkó ṣe ń gbọ́ ọ. Ó pa orúkọ Ransome tì, ó gba Aníkúlápó.

Orin Zombie tí ó gbé jáde ní 1976 fi àwọn sójà ṣẹ̀sín pé wọn kì í ronú kí wọ́n tó gba àṣẹ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo Kalakuta, ilé rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí di ẹ̀bi ru sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Fẹlá gbé pósí lọ sí Bárékè Dodan, ibùjókòó ìjọba ológun.

Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Movement of the People sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé sí ìdìbò. Ní 1984, ìjọba Buhari jù ú sẹ́wọ̀n lórí ọ̀ràn owó ilẹ̀ òkèèrè. Ó jáde ní 1986.

Fẹlá ní àléébù tirẹ̀. Ọmọ aṣáájú obìnrin ni, síbẹ̀ ó gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, kéde gbangba pé àrùn éèdì ni, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi í pamọ́.

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ó san gbèsè orin náà. Kì í ṣe akọrin nìkan. Ìyá tí ó fi ọ̀nà hàn án ni ó san èyí tí ó wúwo jù.