Nancy Astor àti Ilé Cliveden

Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni a bí Nancy Astor sí ní ọdún 1879. Ní 1906, ó di aya Waldorf Astor, bàbá ọkọ rẹ̀ sì fi ilé ńlá Cliveden, lẹ́bàá odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta wọ́n lọ́rẹ ìgbéyàwó.

Nígbà tí bàbá ọkọ kú ní 1919, Waldorf jogún oyè rẹ̀, kò sì lè ṣe aṣojú-ṣòfin mọ́. Nancy du ipò náà ní Plymouth, ó wọlé, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní ilé náà. Òun ni ó gbé àbá òfin 1923 kalẹ̀ láti dáàbò bo èwe lọ́wọ́ ọtí.

Àlejò ni ó sọ Cliveden di olókìkí. Àlejò náà ni ó kó àbùkù bá a. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́, a fẹ̀sùn kan àwọn tí ń péjọ síbẹ̀ pé wọ́n ń ti ìjọba láti gba Hitler láàyè. Àwọn òpìtàn kò gba gbogbo ẹ̀sùn yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkórìíra Nancy sí àwọn Júù kò ṣeé fi pamọ́.

Ó fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó kú ní 1964. Cliveden ti di ilé ìtura. Ẹni tí ó bá lówó lè sùn níbẹ̀. Tibi-tire ni kí olùkọ́ máa fi ìtàn ẹni tó ni ín kọ́ ọmọ.