Ìtàn Ayé Lọ́yà Sapara Williams: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Òǹtẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

 Ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan ránpẹ́ nípa iṣẹ́ nótárì, nítorí àwọn àbúrò wa tó ń ṣe lọ́yà ní Ìlaròó àti Ayétòrò. Mo rò ó títí, mo wá ní kí n kúkú gba ojú ìtàn bàbá tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1855 ni wọ́n bí Christopher Alexander Sapara Williams ní Sàró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Dókítà Oguntọla Sapara, tó bá àrùn ṣànpọ̀nná jà l'Ékòó, àbúrò rẹ̀ ni. Ó kọ́ òfin ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di lọ́yà ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1879. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé kóòtù Èkó ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1888. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Lọ́yà ò pọ̀ nígbà yẹn. Òfin ọdún 1876 gba kóòtù láàyè láti fún àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ ní ìwé àṣẹ olóṣù mẹ́fà, kí wọ́n máa ro ẹjọ́ fún aráàlú. Ohun tó gbé Sapara Williams ga ni pé ó mọ òfin òyìnbó, ó sì tún mọ àṣà ilẹ̀ wa lórí ilẹ̀, ogún àti ọ̀rọ̀ ìdílé dénúdénú. Kò sí ẹni tó tó o níbẹ̀. Láti ọdún 1900 títí tó fi kú, òun ni olórí àwọn lọ́yà.

Ní 1901 wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì jókòó kalẹ̀ lásán. Ó tako òfin ìwé ìròyìn ti 1903, ó tún tako òfin ti 1909 tí ìjọba fẹ́ fi pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́. Ní 1904 ó dábàá pé kí ìjọba tún ààlà Gúúsù àti Àríwá pa, kí gbogbo Yorùbá lè wà lábẹ́ àkóso kan. Ìjọba ò gbà. Àwa ará Yewa mọ bí èyí ṣe ń dunni, àwa tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn ọdún 1889 pín níyà pẹ̀lú àwọn ará wa ní Kétu. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1915.

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí la rí kọ́ níbẹ̀? Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló ń yan nótárì láàárín àwọn lọ́yà. Òǹtẹ̀ yín kì í ṣe ti kóòtù abẹ́ ilé lásán, ó ń sọ̀rọ̀ fún yín títí dé òkè òkun. Nítorí náà, ẹ má tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé tí ẹni tó ni ín kò fọwọ́ sí níṣojú yín. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo káàdì rẹ̀. Ní ẹnu ibodè wa, ẹnì kan lè ní orúkọ kan ní ìhà ìhín, kí wọ́n tún kọ ọ́ lọ́nà Faransé ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ọ́ kedere pé ẹnì kan náà ni.

Èkejì, ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kà á, kí ẹni tó kọ ìwé náà sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, bàbá àgbà kan wá tẹ̀ka níwájú mi. Àwọn tó mú un wá ń kánjú, ìwé ti wà ní títẹ̀, mo sì ti gbé òǹtẹ̀ sókè. Mo kàn béèrè lọ́wọ́ bàbá pé kí ni wọ́n wá ṣe. Ó ní àwọn wá yá oko fún ọdún méjì láti fi gbin ẹ̀gẹ́ ni. Títà ló wà nínú ìwé! Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ilẹ̀ ìdílé odindi ni ìbéèrè kan yẹn gbà sílẹ̀. Ká ní mi ò béèrè ńkọ́?

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tó bá kan àpò yín tàbí ìdílé yín, ẹ gbé e fún nótárì mìíràn. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ń kọ ọjọ́, orúkọ àti irú ìwé sí. Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ.

Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ayọ̀. Àṣẹ.