Flannery O'Connor: àrùn tó mú bàbá ló tún mú ọmọ

Ọmọ ọdún 15 ni Flannery O'Connor nígbà tí Edward, bàbá rẹ̀, kú ní oṣù kejì ọdún 1941. Àrùn tí wọ́n ń pè ní lúpọ́ọ̀sì ló pa á. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ló ń dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀: oríkèé, awọ, kíndìnrín. Àrùn náà kì í ràn.

Savannah, ní Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Flannery lọ́dún 1925, òun nìkan lọ́mọ. Ó kàwé dé Yunifásítì Iowa, ó sì di òǹkọ̀wé. Ní ìparí ọdún 1950, bó ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé ọdún Kérésìmesì, àìsàn dá a wó.

Àwọn dókítà rí i pé lúpọ́ọ̀sì ni. Regina, ìyá rẹ̀, mọ̀, àmọ́ làkúrègbé ni wọ́n sọ fún ọmọ. Ó lé lọ́dún kan tó fi ń gba abẹ́rẹ́, oògùn tí wọ́n ń yọ láti inú orí ẹlẹ́dẹ̀, láìmọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sally Fitzgerald, ló tú àṣírí náà fún un lọ́dún 1952. Ẹni tó ti sin ọkọ lè máa bẹ̀rù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló ni ara rẹ̀.

Irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé tiwa, ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn jíìnì kan, tí ọmọ ń gbà lára bàbá àti ìyá, máa ń mú kí irú àrùn yìí rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, wọn kì í sì dá a ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹni tó ní lúpọ́ọ̀sì ni kì í ní in rárá. Nínú aláìsàn 10, bíi 9 ló jẹ́ obìnrin. Ní Amẹ́ríkà, ó ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè ohun tó ṣe bàbá àti ìyá ẹni.

Flannery padà sí oko ìyá rẹ̀ lẹ́bàá Milledgeville. Ó ń sin ọ̀kín, ó sì ń kọ̀wé láràárọ̀. Nígbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ́yìn ló fi ń rìn. Kátólíìkì ni, ó sì dé Lourdes ní Faransé lọ́dún 1958. Ìwé ìtàn àròsọ gígùn méjì àti ọ̀pọ̀ ìtàn kúkúrú ló fi sílẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Lúpọ́ọ̀sì tún gbérí. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ọmọ ọdún 39. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní Milledgeville.