Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Ní Òṣogùn ni a bí Samuel Àjàyí Crowther. A kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì mú un lọ sí Sàró. Ní 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó fi ṣe olórí ìjọ ní Odò Ọya. Ṣùgbọ́n Èkó ni ó ń gbé. Ọ̀nà jìn, ìwà òṣìṣẹ́ mìíràn sì bàjẹ́. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dá àlùfáà rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, láìka àṣẹ rẹ̀ sí. Ó kọ ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní 1891. Ní 1892 ìjọ Delta, lábẹ́ Dandeson ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí a bá fi jẹ olórí, ẹ jẹ́ kí a fún un ní àṣẹ, kí òun náà sì máa bẹ iṣẹ́ wò.