Ladi Kwali: Amọ̀kòkò tó rin ìrìn-àjò lọ kọ́ òyìnbó níṣẹ́

Ẹni tó bá ní owó 20 náírà lápò, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali. Lọ́dún 2007 ni àwòrán rẹ̀ dé ara owó náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára owó Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ló ti ná owó yìí láìmọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé àwòrán ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ènìyàn gidi ni, amọ̀ ló sì gbé e dé ibẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní ìlú Kwali, láàárín àwọn Gwari, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Gbagyi. Kwali wà lábẹ́ agbègbè olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, Abuja, lóde òní. Ladi ni wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ láàárín àwọn Gwari, bó ti rí nílẹ̀ Yorùbá náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ẹbí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò lu odindi amọ̀ títí tí inú rẹ̀ yóò fi jìn, yóò sì máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò yí amọ̀ mìíràn gbọọrọ bí okùn, yóò máa tò ó lé e lórí ní ìpele-ìpele, yóò wá fi àfọ́ igbá há a kí ara rẹ̀ lè dọ́gba. Ìkòkò kì í yí rárá. Ladi fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kò sì ní kúrò lára amọ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ amọ̀kòkò inú ìwé Jeremáyà tó ń lo kẹ̀kẹ́. Àwọn ìyá wa kò lo kẹ̀kẹ́, síbẹ̀ ìkòkò wọn á rí roboto bí òṣùpá àrànmọ́jú. Bí amọ̀ bá ti ń gbẹ díẹ̀, Ladi á fín alángbá, àkeekèé, ọ̀nì, ejò, ẹja àti ẹyẹ sí i lára. Ojú ọnà yìí ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ìkòkò.

Òkìkí rẹ̀ ti kàn kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀mía Abuja ìgbà náà, Sulaimanu Barau, ra ìkòkò rẹ̀ sí ààfin. Abuja tí à ń wí yìí ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Suleja nígbà tí ìjọba mú orúkọ ìlú náà fún olú-ìlú tuntun. Ààfin yìí ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn, ti rí ìkòkò náà lọ́dún 1950. Nígbà tó yá, Cardew dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ nílùú náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń lò. Ọdún 1954 ni Ladi wọlé gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin Gwari mìíràn bíi Halima Audu àti Asibi Ido tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó yẹ ká tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbí. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Cardew ló kọ́ Ladi ní ìkòkò mímọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni kó tó débẹ̀. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni lílo kẹ̀kẹ́, iná ìléru tó le gan-an, àti ohun tí wọ́n máa ń kùn sára ìkòkò tí iná yóò fi sọ ọ́ di dídán bíi gíláàsì. Kò sì pẹ́ tí òun náà fi di olùkọ́ níbẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú yóò mọ ohun tí iná yẹn yí padà. Àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé máa ń làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Ìkòkò tí wọ́n bá kùn, tí wọ́n sì sun nínú ìléru bẹ́ẹ̀ kì í làágùn, omi inú rẹ̀ kì í sì í tutù bíi ti àmù. Nítorí náà, ibi tí ọlá Ladi ti bẹ̀rẹ̀ ni ìkòkò rẹ̀ ti kúrò nídìí omi. Ó di ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí náà kò ṣàjèjì sí wa ṣá o. Ní Ìlobùú, níbi tí ojúbọ Erinlẹ̀ wà, ta ni kò mọ̀ pé awo tí wọ́n ń kó ọta odò sí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀?

Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Berkeley Galleries nílùú London. Lọ́dún 1962, òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi iṣẹ́ náà han àwọn amọ̀kòkò àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ó tún dé ilẹ̀ Faransé àti Jámánì. Lọ́dún 1972, òun, Cardew àti Kofi Athey, ọmọ Ghana, jọ rìn káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ìlú dé ìlú. Ẹ wò ó ná: àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ló pagbo yí obìnrin Gwari kan ká, tí wọ́n ń wò ó bó ti ń fẹ̀yìn rìn yí amọ̀ ká. Kì í ṣe ìwé ló fi kọ́ wọn, ọwọ́ ni.

Àwọn kan tilẹ̀ wá bá a nílé. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Magdalene Odundo, ọmọ Kenya tó ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Abuja láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò lọ́dọ̀ Ladi àti àwọn obìnrin yòókù. Odundo ti di ọ̀kan lára àwọn amọ̀kòkò tí òkìkí wọn kàn jù lágbàáyé, ọwọ́ ló sì fi ń mọ tirẹ̀ náà títí di òní.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá Ladi lọ́lá. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1977, ìjọba Nàìjíríà sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ NNOM lọ́dún 1980. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyí náà ni ike àti páànù ń lé ìkòkò omi kúrò lọ́jà, tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà sì ń dín kù. Oyè tí wọ́n fi dá ẹnì kan lọ́lá kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ìkòkò. Àwọn ìyá ní Òkèlele ní Ìlọrin àti ní Ìpetumodù lè jẹ́rìí sí i.

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1984 ni Ladi Kwali kú ní Minna. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tó wà ní Suleja.