Aldo Leopold: Ọdẹ tó kábàámọ̀ ikú ìkookò

Bí ọdẹ bá pa ẹranko tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, ìyìn ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba ń sanwó fún àwọn tó ń pa ìkookò. Aldo Leopold wà lára àwọn tó ti ìpakúpa náà lẹ́yìn, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ sí olùgbèjà ẹranko igbó.

Ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1887. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú igbó ní Yunifásítì Yale, nígbà tó sì parí lọ́dún 1909, ìjọba gbé e lọ sí igbó ọba Apache, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun ọ̀sán lórí àpáta lọ́jọ́ kan, tí wọ́n rí abo ìkookò kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ létí odò. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dáná ìbọn yá wọn. Leopold sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá ìkookò náà, ó sì ń wo ojú rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yí èrò rẹ̀ padà. Ó gbà pé bí ìkookò bá tán, àgbọ̀nrín yóò pọ̀, ọdẹ yóò sì rí ẹran pa. Ó kó àwọn ọdẹ New Mexico jọ sínú ẹgbẹ́, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n pa ìkookò run. Àmọ́ ní igbó Kaibab, ní Arizona, níbi tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń pa àgbọ̀nrín jẹ, àgbọ̀nrín pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ebi sì pa ọ̀pọ̀ wọn kú ní àwọn ọdún 1920.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Lọ́dún 1933, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wisconsin. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ níwèé ló wá rán an létí pé òun náà lọ́wọ́ nínú ìparun ìkookò, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Leopold kò bínú. Lọ́dún 1944, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó kọ̀wé jẹ́wọ́ ikú ìyá ìkookò yẹn. Kò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀ o. Ohun tó ń kọ́ni ni pé ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, pàápàá níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1948, àìsàn ọkàn pa á níbi tó ti ń bá aládùúgbò rẹ̀ pa iná tó ń jó pápá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, A Sand County Almanac, jáde.

Lọ́dún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ dá ìkookò mọ́kànlá padà sí agbègbè Apache kan náà. Kì í ṣe gbogbo ẹranko tí à ń bẹ̀rù ni ọ̀tá igbó. Ìtìjú kọ́ sì ni kí àgbà ọdẹ jẹ́wọ́ pé òun ṣìnà. Ẹni tó mọ̀, tó dákẹ́, ni ó yẹ kí ojú tì.